Ìgbìmọ̀ Ẹbí-Ló-Ṣáájú

Inú ọkọ̀ òfuurufú ni Ọ̀gá Pátápátá ti rí fíìmù náà. Oorun ló yẹ kó sùn, nítorí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ fóòmù kò yẹ kó bá oorun ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó tì í ń wo nǹkan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà láìmọ̀. Nígbà tí ìhà ń dun ọ̀gá wa, òun náà yíjú sí ohun tí obìnrin náà ń wò.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó fi iṣẹ́ ṣe aya, tó fi iṣẹ́ ṣe ọmọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó ráyè lọ mú ọmọ rẹ̀ níléèwé, ọmọ ọlọ́mọ ló mú bọ̀. Ó fún un lóúnjẹ, ó wẹ̀ ẹ́, ó tún ń bá a wí pé kí ló dé tí kò mọ yàrá ara rẹ̀. Ìyàwó dé, ó ní, "Ta ló ni eléyìí?" Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí ọkùnrin náà fi ju fóònù rẹ̀ sódò, tó sáré wálé, tí ọmọ rẹ̀ gidi sì sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí orin wá bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá Pátápátá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún. Ọmọ mẹ́rin ló ní. Àwọn náà ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n wà, inú ìròyìn ojú ọjọ́ ló sì ti ń mọ̀ bóyá òjò ń pa wọ́n.

Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ ló pè wá jọ sáàárín àwọn ẹ̀rọ.

"Ẹbí ló ṣáájú iṣẹ́," ó wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti òní."

A pàtẹ́wọ́. A tún pàtẹ́wọ́ nígbà tó ní òun ti háyà ilé sinimá fún wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè wo fíìmù náà. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ la tó rántí pé Sọ́ńdè nìkan ni ọjọ́ tí à ń rí ojú àwọn ará ilé wa. Ẹnìkan bèèrè bóyá a lè mú wọn dání. Wọ́n ní àga kò ní tó. Ẹni tí kò bá sì wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ẹbí sílẹ̀ nílé, tí a lọ kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ràn ẹbí. Níbi tí Ọ̀gá bá ti rẹ́rìn-ín, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà gbẹ́yìn.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Ìgbákejì.

Ìgbákejì là ń pè é nítorí pé ohun tó ń jẹ́ látọjọ́ tó ti dé ilé-iṣẹ́ wa nìyẹn. Ó ti ṣe ìgbákejì olórí àwọn agé-fóòmù, ó ti ṣe ìgbákejì olórí àwọn aránṣọ, ó wá di ìgbákejì Ọ̀gá Pátápátá. Ó ga, ó rẹwà, ó sì máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ débi pé eruku fóòmù tó ń fò kiri ilé-iṣẹ́ wa bí òwú, ẹ̀rù ń bà á láti bà lé e. Òun ló ń ṣí géètì láàárọ̀, òun náà ló ń tì í, Sọ́ńdè pàápàá. Asùn-gbowó sọ pé bí ọkùnrin yìí bá dé ọ̀run, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí, kí ọ̀gá rẹ̀ lè kọ́kọ́ wọlé. Asùn-gbowó ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa dùbúlẹ̀ lórí fóòmù tuntun, kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì, kó sọ bóyá ó le jù tàbí ó rọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé ó sùn, ẹnu rẹ̀ kì í sùn.

Ohun tí kò jẹ́ kí Ìgbákejì rẹ́rìn-ín ní sinimá ni ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bá a sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ń so táì níwájú dígí.

"Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, iléèwé yẹn tún ti pè mí."

"Iléèwé wo?"

"Èyí tó wà nílùú tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n ń wá. Mo ti sọ ọ́ fún yín."

"Ẹn-hẹn. O sọ ọ́." Kò rántí.

"Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù tó parí. Tí mo bá lọ, èmi àti ọmọ la jọ ń lọ. Mi ò fẹ́ lọ o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni n ó máa dá gbélé, ẹ jẹ́ kí n lọ dá a gbé níbi tí ẹ̀gbọ́n mi á ti lè máa yà kí mi. Ohun kan ni mo tọrọ. Ẹ wálé lọ́jọ́ kan kí ilẹ̀ tó ṣú, ká jókòó, ká jọ sọ ọ́. Tí ẹ bá ní kí n má lọ, tí ojú mi sì rí i pé ẹ ó máa wálé, mi ò ní lọ mọ́."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Ọmọ wọn jáde sí wọn. Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, bí pẹ́pẹ́yẹ ló ṣe ń rìn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dúró gbọn-in níwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó wí, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò tó bá wá bẹ iléèwé wò.

Inú Ìgbákejì máa ń dùn sí ìkíni yìí. Ó ní ọmọ òun lẹ́kọ̀ọ́.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Jálẹ̀ fíìmù náà, ohun tó ń rò ni bí yóò ṣe sọ fún Ọ̀gá pé òun fẹ́ máa lọ sílé nígbà tí àwọn yòókù bá ń lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́lẹ̀, kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ẹbí mi ni mo bá wá."

Ọ̀gá Pátápátá dìde. Ó yí tábìlì po, ó dì mọ́ ọn, ọ̀gá tí kì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

"Mo mọ̀. Àní mo mọ̀. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín lánàá, ìwọ nìkan lò ń ronú. Mo ní, ẹ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lọ́kàn. Mo ń dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ẹbí-Ló-Ṣáájú. Ìwọ ni alága rẹ̀."

"Alága, sà?"

"Alága."

"Ta wá ni ìgbákejì?"

"Kò sí ìgbákejì níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà gbé wá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sún un sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, bí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ jẹ nǹkan mìíràn ná. Irun ti ń funfun lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní alága rí. Ó rò ó pé bí ìyàwó òun bá gbọ́, inú rẹ̀ yóò dùn: ẹni tó ń ṣe alága ẹbí fún odidi ilé-iṣẹ́, ta ni yóò sọ pé kò mójú tó ẹbí tirẹ̀? Ó dúpẹ́. Ó jáde. Ó ti dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé fóòmù kí ó tó rántí ohun tó torí rẹ̀ wọlé. Kò padà. Ó ní kò yẹ alága kó fi ọjọ́ àkọ́kọ́ tọrọ àyè.

Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ oyè náà sára ilẹ̀kùn rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Alága. Asùn-gbowó á nà gbọọrọ lórí fóòmù, á gbórí sókè.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ẹbí."

"A dúpẹ́."

"Èmi náà fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ o."

"Ṣé o lẹ́bí?"

"Mo ní fóòmù."

Ìṣòro kékeré kan wà. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣèpàdé, ẹ̀rọ kò sì lè dúró nítorí ẹbí. Nítorí náà, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń pàdé. Àwọn aránṣọ méjì tó wà níbẹ̀ máa ń jókòó sétí àga bí ẹni tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa wo ojú fèrèsé, nítorí ọwọ́ aládùúgbò ni àwọn ọmọ wọn wà. Alága a máa bá wọn wí.

"Ẹ fọkàn sí i. Ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ."

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ọmọ mi ò tíì jẹun."

"Àbá tó dára nìyẹn," ni Alága wí. "A ó jíròrò lé e lórí."

Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni wọ́n fi jiyàn lórí bóyá ẹ̀gbọ́n ìyàwó wà lára ẹbí.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń dúró. Láràárọ̀, á bi í pé, "Ṣé òní ni?" Òun á dáhùn pé, "Ìpàdé wà, ṣùgbọ́n nítorí tiyín náà ni." Oṣù sì ń lọ sópin.

Ohun tó wá ti inú ìpàdé jáde ni pé kí wọ́n ṣe Ọjọ́ Ẹbí ní Sátidé tó gbẹ́yìn oṣù, kí gbogbo òṣìṣẹ́ kó ará ilé wọn wá, kí wọ́n sì ṣe apá ìparí fíìmù náà lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá Pátápátá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ta ni yóò ṣe bàbá? Alága. Ta ni yóò ṣe ọmọ?

"Ọmọ rẹ̀ ni," Ọ̀gá wí. "Ẹbí gidi ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ayédèrú."

Alága gbé fóònù, ó pe ilé. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe máa ń rọ̀ lọ.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé ìwọ àti ọmọ lè wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́la? Tí iléèwé bá ti jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú."

Obìnrin náà tún un sọ: "Kí ilẹ̀ tó ṣú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A ó wá." Kò bèèrè ìdí. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí kì í wọ̀ lọ síléèwé, ó sì ti tún irun ọmọ náà dì. Nínú gbọ̀ngàn tí à ń kó ọjà sí, a ti fi pákó pẹlẹbẹ kan ṣe ilẹ̀kùn, a fi fóòmù tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Garawa omi kan ni odò. Asùn-gbowó ló dì í mú. Òórùn àtè gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ìyàwó Alága wo ilẹ̀kùn, ó wo garawa, ó wo Ọ̀gá Pátápátá tó jókòó níwájú bí ẹni tó sanwó wọlé. Ó jókòó sórí ìdì fóòmù kan lẹ́bàá ògiri, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Ó yá," Ọ̀gá wí. "Bàbá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀."

Alága ju òkú fóònù kan sínú garawa. Omi ta sí Asùn-gbowó lójú.

"Odò kún o," Asùn-gbowó wí.

Alága ṣí ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì. Pẹ́pẹ́yẹ rìn wá, ó dúró síbi tó jìnnà díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Rárá, ọmọ dáadáa. Sáré ni kí o sáré. Sáré lọ dì mọ́ ọn."

"Mọ́ ta ni?"

"Mọ́ dádì rẹ."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé kó ṣe é. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì nawọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tún un ṣe. Ó dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó yára jáwọ́. Ọ̀gá ní kó máa ka ení, èjì lọ́kàn ara rẹ̀, kó jáwọ́ tó bá dé ẹ̀wá. Ọmọ tíṣà ìṣirò ni, ìyẹn kò le fún un. Ní ìgbẹ̀yìn, ó sáré bí ẹni tí wọ́n ti ń dè mọ́lẹ̀ láti àárọ̀, ó fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ojú Alága yí padà. Gbogbo wa la rí i. Apá rẹ̀ tó nà gan-an bí ti ère rọ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe wúwo tó. Ètè ọmọ náà sì ń mì díẹ̀díẹ̀ létí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀wá, ó jáwọ́, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ṣé ó ti tọ́, sà?" ó bi Ọ̀gá.

Ọ̀gá Pátápátá dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ìyàwó Alága fa ọkọ rẹ̀ lọ sáàárín àwọn fóòmù tí a tò dé àjà. Ọ̀rọ̀ kì í jáde níbẹ̀. Bí fóòmù ṣe ń fa omi mu náà ló ṣe ń fa ohùn mu. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Asùn-gbowó ti gba ẹ̀yìn lọ síbẹ̀, ó nà sílẹ̀, ó ń nu omi garawa kúrò lójú. Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ ìyókù.

"Ṣé nǹkan tí ẹ tìtorí ẹ̀ pè wá nìyí?"

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé o rí i bí Ọ̀gá ṣe dìde? Kì í dìde fún ẹnikẹ́ni."

"Mo rí i. Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, àná ló yẹ kí n fún iléèwé yẹn lésì. Nígbà tí ẹ pè, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di òní. Mo rò pé òní la fẹ́ sọ ọ́."

"A ó sọ ọ́. Jẹ́ kí Ọjọ́ Ẹbí kọjá ná."

"Òní ló parí. Tí mo bá délé, n ó pè wọ́n, n ó ní mò ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá yàrá sílẹ̀. Sátidé la ó lọ."

"Sátidé wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí."

Asùn-gbowó ní ó ń ṣe òun bí kóun dìde, kóun bá ọkùnrin náà sọ ọ́: má lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ níwájú odidi ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ méjì kò lè pa á.

"Sátidé ni Ọjọ́ Ẹbí," Alága wí níkẹyìn. "Ṣé o ò lè sún un di Sọ́ńdè? Ta ló máa wá sáré pàdé mi?"

Ojú kì í ti Asùn-gbowó, ṣùgbọ́n ó ní òun fi fóòmù bojú.

Obìnrin náà kò bínú. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. "A ó wá," ó wí. "A ó bá yín ṣe é tán ká tó lọ."

"O ṣeun," ni ọkọ rẹ̀ wí. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé-iṣẹ́ kún. Àwọn ọmọ ń fò lórí fóòmù. Àwọn ìyàwó ń yí àwọn ẹ̀rọ wa po, wọ́n ń wò wọ́n látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo orogún rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí eré dé, Pẹ́pẹ́yẹ ṣe tirẹ̀ láìṣe àṣìṣe kankan. Kò sẹ́ni tí kò nu ojú. Ọ̀gá Pátápátá fa fóònù yọ níwájú gbogbo wa, ó ní òun fẹ́ pe àwọn ọmọ òun lọ́kọ̀ọ̀kan, nísinsìnyí. Ó pè, ó pè. Kò sẹ́ni tó gbé e.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́," ó sọ fún wa, orí rẹ̀ sì wú díẹ̀.

Ó wá ku kí Alága bá wa sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ pèpéle, ó di ọmọ lọ́wọ́ mú. Láti ojú fèrèsé, gbogbo wa ń rí takisí tó dúró sẹ́nu géètì, awakọ̀ ń fi okùn di ẹrù mọ́ orí rẹ̀. Obìnrin náà juwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Alága rí i. Ó gbé ìka kan sókè, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó yọjú sí ọ́fíìsì wa láìpè, ó sì gba gbohùngbohùn.

Ká sọ òótọ́, obìnrin náà dúró. Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi kí àwọn èèyàn pàtàkì tán, ó dúró títí tó fi sọ bí ìgbìmọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Alága dé ibi tó ti ń sọ pé àkókò tí a bá fún ẹbí kì í ṣòfò, awakọ̀ tẹ hóònù. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn. A pàtẹ́wọ́ dáadáa.

Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Alága, ó tó. Máa lọ sílé. Má dúró palẹ̀ mọ́, má dúró ti géètì. Oòrùn ṣì wà lókè. Lọ bá àwọn ará ilé rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó pẹ́ tó ti rí àdúgbò wọn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kun ilé tó kọjú sí tiwọn, igi kan sì ti hù lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti ga ju èèyàn lọ. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò nígbà tí ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé kejì nàró. Láti ọdún tó kọjá ni ìyá náà ti ń gbé ibẹ̀. Ó máa ń sùn kí Alága tó dé, ó sì máa ń jí lẹ́yìn tó bá ti jáde.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Ṣé ilé lẹ wá wò?"

"Mà?"

"Ilé yẹn. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ lónìí ni. Ọwọ́ yín mà yá o. Ṣé onílé ló fún yín ní kọ́kọ́rọ́?"

Gbólóhùn kan ló yẹ kó fi dá a lóhùn. Ó wo ìyá náà, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ojú sì tì í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó wí.

"Ẹ jẹ́ n mú yín yí i ká. Mo mọ̀ ọ́n bí ilé ara mi."

Ó bá a wọlé. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń tan iná ilé ìdáná hàn án, pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ó fi fèrèsé tí kò ṣeé tì hàn án, pé ìwé ni wọ́n ń ká sí i lẹ́nu. Ó ní nírọ̀lẹ́ báyìí, oòrùn a máa wọ inú pálọ̀ dé ìdí tábìlì, ibẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀rín wọn á sì máa ké sí òun títí òun náà á fi wá bá wọn. Àga mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì náà. Ìyá àgbà fa ẹ̀kẹta, ó jókòó lé e bí ẹni tó jókòó síbi tó ti mọ́ ọn lára.

"Bàbá ọmọ náà ńkọ́?" Alága bi í. Òun wà lórí ìdúró.

"Wọ́n ní ó wà. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Níbo?"

"N ò bèèrè, ọmọ mi. Obìnrin yẹn náà kì í rojọ́ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku níbẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ níyàwó? Ẹ bímọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ilé ẹlẹ́bí ni èyí, ẹni tó bá dá nìkan wà nínú ẹ̀, yóò tóbi jù fún un. Ẹ mú wọn wá wò ó kí ẹ tó gbà á."

Alága ní òun yóò mú wọn wá.

Ìyá àgbà gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó wẹ̀yìn.

"Ẹ rántí ti ilẹ̀kùn tí ẹ bá ń lọ," ó wí.